Mẹ́rì pè wá sípàdé ọ̀nà: bá a ṣe lè múra kí ọ̀rọ̀ wa má parí sábẹ́ àtíbàbà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan ti ń bi mí tipẹ́ pé bí mẹ́rì, ìyẹn olórí ìjọba ìbílẹ̀, bá ní kí ará àdúgbò wá sọ tẹnu wọn lórí ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ tún ṣe, ọ̀nà bọ́ọ̀sì o, ti kẹ̀kẹ́ o, ti àwa tá à ń fẹsẹ̀ rìn o, kí lèèyàn máa lọ sọ níbẹ̀ gan-an? Torí ohun tá a mọ̀ ni pé wọ́n á ta àtíbàbà, wọ́n á to àga, wọ́n á pín omi inú ọ̀rá, ẹnìkan á sọ Faransé títí ojú á fi máa pọ́n wa, àwa náà á dìde, a ó pariwo, a ó lọlé. Mo ti lọ sírú ẹ̀ tó mẹ́ta mẹ́rin ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ńbí, mo sì ti ṣe é bàjẹ́ rí, ìyẹn ló jẹ́ kí n lè kọ èyí.

Bí mo ṣe bà á jẹ́ nìyí. Ìpàdé kan báyìí, mi ò ní dárúkọ àdúgbò àti ẹni tó pè é, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ní ọ̀nà wa bàjẹ́, wọ́n ti gbàgbé wa, òjò ń pa wá, àwọn ọmọ wa ń jìyà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, inú mi dùn kọjá bó ṣe yẹ. Ìgbà tí mo wá rí ìwé tí wọ́n kọ lẹ́yìn ìpàdé, gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá mi ti di ìlà kan: àwọn ará àdúgbò ní ọ̀nà kò dára. Ó tán. Ìyá kan sì wà lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, tó ń ta àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé, gbólóhùn mẹ́ta péré ló sọ: ìderí kanifó, ìyẹn gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì, tó wà níwájú géètì ilé ìwé, ẹ̀kẹta téèyàn bá kà á látìdí máńgòrò, ti ṣẹ́, àárọ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù làwọn ọmọ ń pọ̀ níbẹ̀, méjì ti jìn sínú ẹ̀ láàárín oṣù kan. Ẹnjíníà dìde lórí àga, ó ní kí ìyá wá fi han òun. Ìderí yẹn wọnú ìwé tòun ti fọ́tò.

Torí náà gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, orí ọ̀rọ̀ ìyá alákàrà ló dúró lé: ibo gan-an, aago mélòó gan-an, èèyàn mélòó gan-an.

Ìkíní: mọ irú ìpàdé tí wọ́n pè ọ́ sí

Irú ìpàdé méjì ló wà, wọ́n sì jọra lójú. Nínú ọ̀kan, wọn ò tíì pinnu, wọ́n wá béèrè. Nínú èkejì, wọ́n ti pinnu, wọ́n wá sọ fún wa. Kò burú kí wọ́n wá sọ fún wa o, àmọ́ kí wọ́n má da aṣọ ìbéèrè bò ó. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo fi ń dá wọn mọ̀, kì í sì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ wọn. Ní 1985, lórí ẹjọ́ kan ní London, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Brent ti fẹ́ ti àwọn ilé ìwé kan pa, lọ́yà kan là wọ́n kalẹ̀, adájọ́ gbà á, títí di òní làwọn ilé ẹjọ́ ibẹ̀ ṣì ń lò wọ́n. Ṣé ọ̀rọ̀ ṣì tútù tẹ́ ẹ fi ń bi wá? Ṣé ẹ fún wa lálàyé tó tó ká fi mọ ohun tá a máa sọ? Ṣé ẹ fún wa láyè tó láti rò ó? Ṣé ẹ ó fi tọkàntọkàn wo ohun tá a bá sọ kẹ́ ẹ tó pinnu?

Ẹjọ́ Brent ò mú ẹnikẹ́ni ní Àjàṣẹ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní ká má béèrè. Tiwa náà sì wà. Abala 27 nínú òfin ìpìlẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ pé gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ sí àyíká tó dáa, ó sì fi kún un pé ojúṣe kálukú ni láti gbèjà ẹ̀. Òfin àyíká tí nọ́ńbà ẹ̀ ń jẹ́ 98-030, ti ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1999, náà mọ ìpàdé gbangba tí wọ́n ń pè ní audience publique. Ẹ ò nílò láti há a sórí, ẹ ṣá kọ nọ́ńbà méjèèjì sẹ́yìn ìwé yín, ó máa ń jẹ́ kí ohùn èèyàn le díẹ̀.

Nǹkan kejì tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé: ta ló ni ọ̀nà yẹn? Títì ńlá tó jáde lọ sí Kútọnu tàbí Pobè, ti ìjọba àpapọ̀ ni, mẹ́rì ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé e lórí. Ọ̀nà inú àdúgbò, ti mẹ́rì ni. Àwọn títì tí wọ́n fi Asphaltage, ètò dída ọ̀dà sí títì, ṣe ńkọ́? Ìjọba àpapọ̀ ló gbé ìyẹn kalẹ̀ fún ìlú mẹ́sàn-án, Àjàṣẹ́ wà níbẹ̀, Kútọnu wà níbẹ̀, Parakou náà wà níbẹ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti lo ìdajì ìpàdé láti bá ẹni tí kò ni ọ̀nà jà, ọ̀gbẹ́ni náà kàn ń mirí bí alángbá, ó mọ̀ pé kò kan òun.

Ìkejì: wo plan, àwòrán ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí ọjọ́ ìpàdé tó pé

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé abẹ́ àtíbàbà lẹ máa ti kọ́kọ́ rí i, níbi tí wọ́n gbé e kọ́ sókè tí ẹni tó wà lẹ́yìn ò rí nǹkan kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ṣẹ́fù àdúgbò ibi tó wà. Ẹ lọ ní méjì tàbí mẹ́ta, ẹni tó ka Faransé kan, ẹni tó dàgbà sí àdúgbò yẹn kan, torí ẹni tó mọ̀wé lè má mọ̀ pé ibi tí wọ́n kùn láwọ̀ ewé yẹn, odò ni lóṣù Kẹfà.

Ẹ wo nọ́ńbà kékeré tó wà nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ 1/500, sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé, mítà márùn-ún nílẹ̀. Bó bá jẹ́ 1/1000, mítà mẹ́wàá. Rúlà ọmọ ilé ìwé tó. Àmọ́ àwòrán tó ṣe kókó jù kì í ṣe èyí tó rí bí ìgbà téèyàn wà lókè tó ń wo ilẹ̀, èyí tó rí bí ìgbà téèyàn fọ̀bẹ gé búrẹ́dì tó wá ń wo inú ẹ̀ ni. Profil en travers lorúkọ tí wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni fífẹ̀ ohun gbogbo wà. Bọ́ọ̀sì ńlá fẹ̀ tó mítà méjì ààbọ̀, ọ̀nà ẹ̀ á wá tó mítà mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sápá kan ṣoṣo nílò mítà kan ààbọ̀. Kẹ̀kẹ́ arọ, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 90 kó tó lè kọjá. Èèyàn méjì tó fẹsẹ̀ rìn tí wọ́n fẹ́ pàdé láìfara kanra, mítà kan ààbọ̀, tí ọ̀kan bá sì gbé igbá rù, ẹ fi kún un.

Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, kẹ́ ẹ wá lọ wọn ọ̀nà fúnra ẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Bí àròpọ̀ bá ju ọ̀nà lọ, ẹnìkan ló máa pàdánù níbẹ̀, ẹ sì ti mọ ẹni náà, ẹlẹ́sẹ̀ ni. Wọn kì í kọ ọ́ sínú plan pé ẹ̀ ń bọ̀ wá rìn lórí kanifó, ẹ̀yin lẹ máa rí i fúnra yín.

Ìkẹta: ẹ rìn ín

Èyí lọ́jọ́ tó dùn jù nínú gbogbo ẹ̀, ẹ má fò ó. Ẹ mú tépù tí àwọn téló fi ń wọn aṣọ. Gígùn tépù yẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150, mítà kan ààbọ̀ géérégé, àfi bíi pé wọ́n mọ̀ pé a máa nílò ẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ látẹ̀gbẹ́ títì síbi ògiri. Bó bá sùn dáadáa láìsí òpó iná, láìsí alùpùpù tí wọ́n gbé dúró, láìsí ihò, láìsí òkìtì yẹ̀pẹ̀ ẹni tó ń kọ́lé, ibẹ̀ ṣeé rìn. Bí tépù bá ká, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ tòun ti tépù nínú fọ́tò, ẹ kọ iye tó kù. Fọ́tò tí kò ní tépù nínú, ẹnjíníà á wò ó, á ní ihò yẹn ò jìn.

Ta lẹ máa bá rìn? Kì í ṣe àwọn géńdé o. Èmi tí mo lè fo kanifó, kí ni mo mọ̀? Ẹ mú ìyá tó ń gbé ẹrù lọ ọjà Ouando, ẹ mú bàbá tó ń tẹ ọ̀pá, ẹ mú ọmọ ọdún méje, bẹ́ ẹ bá ní afọ́jú ládùúgbò ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín rìn ní ọgọ́rùn-ún mítà péré, ẹ ó rí i pé ọ̀nà tẹ́ ẹ ti ń gbà láti kékeré, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bàbá kan tá a jọ rìn dúró lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọ̀pá kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní "ibí yìí ló ti ń tán." Mo wo ilẹ̀, mi ò rí nǹkan kan tó tán, òkúta pavé ṣì ń lọ. Ó ní rárá, ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀, ó ti dún gbọngbọn lábẹ́. A ṣí i wò lẹ́yìn náà, omi ti jẹ yẹ̀pẹ̀ abẹ́ ẹ̀ lọ tán pátá.

Ẹ rìn ín nígbà mẹ́rin ó kéré tán: àárọ̀ kí ilé ìwé tó wọlé, ọ̀sán gangan nígbà tí oòrùn bá wà lágbedeméjì orí tẹ́ ẹ máa mọ̀ bóyá igi kan wà ńbẹ̀ tó ní ibòji, alẹ́ lẹ́yìn ìṣáà, àti ọjọ́ ọjà. Bí òjò bá rọ̀, kódà bó bá jẹ́ lọ́jọ́ Sunday, ẹ tún jáde, torí lágbègbè wa níhìn-ín oṣù Kẹrin sí Keje ni òjò ńlá, ó tún padà lóṣù Kẹsàn-án sí Kọkànlá, ọ̀pọ̀ ìpàdé sì ni wọ́n ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá ń rẹ́rìn-ín sáyé.

Ìkẹrin: ẹ kà

Ẹ má bẹ̀rù, kò gba ìmọ̀ kan. Ẹ jókòó síbì kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ ka ẹni tó bá kọjá, ẹ ṣe é ní ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ti mọ bí wákàtí yẹn ṣe rí. Ẹlẹ́sẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ̀kẹ́ lọ́tọ̀, alùpùpù lọ́tọ̀, ọkọ̀ lọ́tọ̀, ọmọlanke lọ́tọ̀. Àwa lo òkúta wẹ́wẹ́ àti agolo tòmátì márùn-ún, ẹni kan kọjá, òkúta kan wọlé, torí tó o bá ń kọ, ojú ẹ á wà lórí ìwé, mẹ́ta á ti kọjá. Ìyá alákàrà ló ń bójú tó agolo ẹlẹ́sẹ̀, ó ń ta àkàrà, ó ń dá owó ṣẹ́ńjì padà, kò sì ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé lòun mọ̀ jù, bó bá kù bí ogún tí wọn ò tíì kọjá, òun ti mọ̀ pé epo òun ò gbọdọ̀ tutù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé ni àwọn tó ń sọdá. A máa ń ka àwọn tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àmọ́ ẹni tó ń sọdá ni ọkọ̀ ń gbá. Ẹ ka àwọn náà, kẹ́ ẹ sì fi fóònù wo iye ìṣẹ́jú àáyá tó ń gbà wọ́n. Àwọn ẹnjíníà máa ń fojú bù ú pé èèyàn ń rin mítà 1.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Títì tó fẹ̀ tó mítà mẹ́wàá, ìyẹn jẹ́ bí àáyá mẹ́jọ. Bàbá wa tó ń tẹ ọ̀pá rìn ín ní nǹkan bí mẹ́tàlá. Bí iná bá wá yí padà lẹ́yìn mẹ́wàá, àárín títì ló máa bá a.

Ẹ má ṣe fi kún un. Bẹ́ ẹ bá ka 140, ẹ kọ 140, ẹ má kọ "ọgọ́rọ̀ọ̀rún". Bí wọ́n bá mú yín lẹ́ẹ̀kan péré pé ẹ bù mọ́ ọn, ìyókù ti dòtúbáńtẹ́.

Ìkarùn-ún: bọ́ọ̀sì, kẹ̀kẹ́, àti àwọn onízem

Ibí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí, ẹ fara balẹ̀. Ìkànìyàn 2013 ka èèyàn 264,320 ní ìlú wa, orí zem, ìyẹn alùpùpù tó ń gbé èrò, sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wa fi ń rìn. Ẹni tó bá wá ní òun fẹ́ mú bọ́ọ̀sì wá, ẹ má kàn ṣe "amín", ẹ bi í láwọn nǹkan wọ̀nyí. Láti ilé mi sí ibùdókọ̀, ó jìnnà tó mélòó? Mítà 400 jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ṣeé rìn, kìlómítà kan nínú oòrùn ò ṣeé rìn, zem lèèyàn máa gùn débẹ̀, tó o bá sì ti wà lórí zem kí ló dé tó ò kúkú ní bá a lọ? Ìṣẹ́jú mélòó-mélòó ló ń dé? Bó bá jẹ́ ọgbọ̀n-ọgbọ̀n, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo máa dúró ní ìpíndọ́gba bó o bá bọ́ síbùdókọ̀ láìwo aago, zem ò dúró ìṣẹ́jú kan. Aago mélòó ni àkọ́kọ́ ń kúrò? Àwọn ìyá tó ń lọ Kútọnu, ọgbọ̀n kìlómítà ló wà níwájú wọn, òkùnkùn ni wọ́n ń jí. Ṣé bọ́ọ̀sì máa gba agbọ̀n tòmátì? Èyí tí mo kọ gbẹ̀yìn yìí dà bí ẹ̀fẹ̀ àmọ́ òun ló máa pinnu bóyá ìyá mi máa wọ bọ́ọ̀sì yẹn.

Nípa àwọn onízem, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ kí wọ́n kúrò lọ́nà. Ẹ dákun, ẹ wo Èkó. Nígbà tí wọ́n ń gbé BRT, bọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tiẹ̀, jáde lóṣù Kẹta 2008, láti Mile 12 sí CMS, wọn ò ti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ẹgbẹ́ ọ̀hún náà wà lára àwọn tó wa bọ́ọ̀sì yẹn níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ máa bọ́ tí wọn ò bá a sọ̀rọ̀, òun ló máa ba iṣẹ́ náà jẹ́. Torí náà ẹ pe onízem méjì wá sínú ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ fi ń rìn ọ̀nà. Ibi tí wọ́n á ti máa dúró, kó sún mọ́ ibùdókọ̀ ṣùgbọ́n kó má jẹ́ orí ibùdókọ̀, torí ẹni tó sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì ṣì ní láti délé.

Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Àwọn ọmọ ìwòyí á rẹ́rìn-ín, àmọ́ àwọn àgbà rántí taxi-kannan, kẹ̀kẹ́ ológeere tó ń gbé èèyàn àti ẹrù nínú Àjàṣẹ́ yìí kí zem tó dé. Kì í ṣe ohun àjèjì. Ohun tó yẹ ká bi wọ́n ni kí ló máa dáàbò bo ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ẹ lọ wo Kútọnu, ọ̀nà tí wọ́n là sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá, alùpùpù ló kún inú ẹ̀ bámúbámú. Ọ̀dà funfun kan lórí títì ò lè dá onízem tó ń sáré dúró. Tí wọ́n bá ní ọ̀dà nìkan làwọn ní, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kúkú kọ orúkọ ẹ̀ ní ọ̀nà alùpùpù, ká má tan ara wa jẹ, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má gbé kẹ̀kẹ́ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eré sísá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Stockholm, lóṣù Kejì 2020, àwọn mínísítà láti oríṣiríṣi ilẹ̀ fẹnu kò pé níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọkọ̀ bá ti ń rìn pọ̀, kí ọkọ̀ má ṣe ju kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Níwájú ilé ìwé, ẹ béèrè 30, ẹ sì béèrè òkìtì ojú títì tó máa fi tipátipá mú un ṣẹ, torí bóòdù nìkan, àwọn ẹyẹ ló máa bà lé e.

Ó tún ku ẹnìkan. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ kí wọ́n fẹ̀ yẹn, ta ló wà lórí ẹ̀ lónìí? Ìyá alákàrà ni. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe lé àwọn tó ń tajà létí títì ní Kútọnu ní 2017. Ẹ ò lè máa lo agolo ẹ̀ láti ka èèyàn kẹ́ ẹ wá kọ ìwé tó máa lé e kúrò. Kò sí ọ̀nà àbáyọ tó dùn bí oyin, mi ò ní purọ́, àmọ́ ẹ lè béèrè nínú ìwé kan náà pé kí plan fi ibi tí àwọn olójà máa wà hàn, lẹ́yìn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, kì í ṣe lórí ẹ̀, kí wọ́n sì bá wọn sọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ìkẹfà: ìwé kan, ojú kan

Ojú ìwé kan tó. Bẹ́ ẹ bá kọ márùn-ún, wọn ò ní kà á. Àpẹẹrẹ nìyí, ẹ fi iye tiyín rọ́pò temi:

*Ibi: níwájú géètì ilé ìwé, ọwọ́ ọ̀tún téèyàn bá ń lọ Ouando.*
*Ìgbà: ọjọ́ Monday àti Thursday, aago 7:15 sí 7:45.*
*A kà: ọmọdé 140 tó sọdá, alùpùpù 310, ọkọ̀ 45.*
*A wọ̀n: ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 60 níbi òpó iná, ìderí kanifó mẹ́ta ò sí.*
*A ń béèrè: ìderí mẹ́ta, òkìtì ojú títì kan, kí òpó kúrò lójú ọ̀nà, kí plan fi ibi àwọn olójà hàn.*
*A jẹ́: (orúkọ àdúgbò, ìbuwọ́lù, ọjọ́).*

Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá kẹ́ ẹ tó ní kí ẹni tó gbọ́ Faransé kọ ọ́ ní Faransé, ẹ má ṣe é láti òdìkejì, torí tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ọ̀rọ̀ á kàn máa dún gbàǹgbà láìsọ nǹkan.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà àkọ́kọ́ nìyí, ó sì dùn mí: ẹ tẹ̀ ẹ́ ní méjì. Ẹ gbé méjèèjì lọ síbi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà nílé mẹ́rì, kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sórí tiyín, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà sí i. Décharge lorúkọ ẹ̀. Ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ ò mú un wá rí. Tèmi sọnù ní ọ́fíìsì kan, nígbà tí mo padà lọ wọ́n ní ìwé wo?

Ìkeje: ọjọ́ ìpàdé

Ẹ tètè sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ náà kí wọ́n tó mú un. Ìpàdé aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ ọjà, àwọn ìyá ò ní sí níbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ìdajì àwọn bàbá wà ní mọ́ṣáláṣí. Ìrọ̀lẹ́ Sunday ló máa ń dáa jù, lójú tèmi.

Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí sọ Faransé, ẹ gbọ́wọ́ sókè lójú ẹsẹ̀, kó tó di pé ẹni náà jìnnà, ẹ ní kí wọ́n túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá àti Gun ní ẹyọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní ìparí. Àwọn kan á wò yín bíi pé ẹ ò kàwé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò. Mo ti rí ìyá tó jókòó wákàtí méjì tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó wá bi mí nígbà tó ń gbé àga ẹ̀ pé, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n sọ?"

Ìwé tí wọ́n ń gbé kiri kí èèyàn fọwọ́ sí, ẹ ka orí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ìwé ẹni tó wá, ẹ fọwọ́ sí i. Bó bá ní "a fara mọ́", ẹ fi sílẹ̀ títí ìpàdé á fi parí.

Ọ̀rọ̀ sísọ, ìṣẹ́jú méjì. Ẹni kan, ibì kan. Ẹ pín in láàárín ara yín: èmi á sọ ti kanifó, ìwọ á sọ ti bọ́ọ̀sì, ìyá alákàrà á sọ ti ara ẹ̀. Ẹ má tún ohun tí ẹlòmíràn ti sọ sọ, ẹ kàn ní "mo fara mọ́ ti ìyá, mo fi eléyìí kún un." Ẹ sì dín oríkì kù jàre, mo mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ kí Baálẹ̀ àti àwọn àgbà, ìyẹn ò ní kúrò lára wa, àmọ́ tí ìkíni bá gba ìṣẹ́jú méjèèjì, kí ló kù?

Kí wọ́n tó tú ká, ẹ ní kí akọ̀wé ka ohun tó kọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣe àtúnṣe, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ìkẹjọ: lẹ́yìn ẹ̀

Ẹ béèrè ìwé ìpàdé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú nọ́ńbà décharge yín lọ́wọ́. Bí wọn ò bá dá yín lóhùn, ẹ tún kọ, ẹ tún gba òǹtẹ̀. Ẹ yan ẹnìkan ṣoṣo tó máa mú fáìlì, kì í ṣe gbogbo wa, torí ohun tó bá jẹ́ ti gbogbo wa, òjò ló máa pa á.

Bí iṣẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀, ẹ má rò pé ó ti parí. Ẹ mú tépù téló yẹn, ẹ padà lọ. Mítà kan ààbọ̀ inú ìwé máa ń di mítà kan àti díẹ̀ nílẹ̀, torí ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ bá òpó pàdé, kò fẹ́ wàhálà, ó yà á. Ẹ lọ lójoojúmọ́ bẹ́ ẹ bá lè ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ bẹ ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ látàárọ̀ kó máa wò ó fún yín, ẹ sì ti mọ ẹni náà. Bí tépù bá ti ká, ẹ pe ṣẹ́fù àdúgbò, ẹ pe ẹnjíníà, ẹ ya fọ́tò, lọ́jọ́ náà gan-an kí sìmẹ́ǹtì tó gbẹ.